Igi Píà Callery: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ Láti Ìgbà Dé Ìgbà Ní Amẹ́ríkà

Bí oṣù kẹta bá ti wọlé ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, kí ọ̀pọ̀ igi yòókù tó rú ewé rárá, ẹ ó rí igi kan lẹ́bàá títì àti níwájú ilé tó funfun báláú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Píà Callery ni orúkọ rẹ̀, Bradford sì ni irú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù. Kì í ṣe píà tí à ń fi jẹ búrẹ́dì nílé. Avocado ni wọ́n ń pe ìyẹn níbí, òun àti èyí kò sì bá ara wọn tan. Igi yìí méjì ló wà nínú ọgbà ilé tí a rà ní Maryland, mo sì rí i pé ẹni tó bá wò ó ní ìgbà kan ṣoṣo lọ́dún lè ṣì í mọ̀, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ilẹ̀ Ṣáínà àti Vietnam ni igi yìí ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kó irúgbìn rẹ̀ wọ Amẹ́ríkà, torí pé kò tètè kó àrùn kan tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀ka píà dúdú bí ẹni pé iná jó o. Ní Glenn Dale, ní Maryland níbí gan-an, wọ́n ṣa ọ̀kan tí kò ní ẹ̀gún, wọ́n sọ ọ́ ní Bradford, wọ́n sì fún àwọn tó ń ta igi ní 1963. Bradford nìkan kò lè fún ara rẹ̀ lóyún, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbin irú mìíràn bí Aristocrat àti Cleveland Select sí tòsí rẹ̀, kòkòrò ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ara ọ̀kan dé ara èkejì, èso sì bẹ̀rẹ̀ sí í so. Àwọn ẹyẹ ń jẹ èso náà, wọ́n ń yà á sí pápá àti etí igbó, èyí tó bá sì hù níbẹ̀ máa ń ní ẹ̀gún tó lè lu táyà. Bí ewé Akíntọ́lá ṣe gba oko mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ nílé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igi yìí ṣe ń bo ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ níbí, tí igi ìbílẹ̀ kì í fi í rí oòrùn.

Ní ìgbà ìrúwé, imú ni ẹ ó kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Lọ́dún àkọ́kọ́ wa, ìyàwó mi kó gbogbo ẹja inú fìríìjì jáde, ó fọ fìríìjì náà tán, òórùn ẹja tó ti jẹrà kò sì lọ, títí a fi rí i pé fèrèsé tó kọjú sí igi náà ló ń gbà wọlé. Òdòdó rẹ̀ máa ń dì pọ̀ ní ṣùgbáṣùgbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewé funfun márùn-ún tó rí roboto, àwọn fọ́nrán àárín rẹ̀ sì ní orí tó pọ́n dúdú. Ẹ má ṣe gé serviceberry, igi mìíràn tó ń yọ òdòdó funfun, ní àṣìṣe, nítorí igi ìbílẹ̀ ni: òdòdó tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, kò sì rùn. Igi dogwood náà lè jọ ọ́, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni ohun funfun tó yí òdòdó rẹ̀ ká.

Ní ìgbà ooru, ewé rẹ̀ ń dán, ó fẹ̀ nídìí, ó ṣe ṣónṣó lórí, etí rẹ̀ sì ní eyín kéékèèké. Ní ìgbà ìwọ́wé, nígbà tí igi yòókù ti wọ́wé tán, òun ṣì lè wà ní tútù, kó tó wá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tàbí kó di àwọ̀ àlùkò nínú oṣù kọkànlá.

Ìgbà òtútù ni mo gbà pé ó rọrùn jù láti dá a mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn kì í wo igi nígbà náà. Ẹ di ìrudi orí ẹ̀ka rẹ̀ mú: ó tóbi, ó ṣe ṣónṣó, irun eérú sì bò ó bí ẹ̀yìn ọmọ ológbò. Èso rẹ̀ tó kù lórí igi kéré, ó rí roboto, àwọ̀ ilẹ̀ ni, ó ní tótòtó funfun lára, ọrùn rẹ̀ sì gùn. Ẹ tún wo bí àwọn ẹ̀ka ṣe fún mọ́ra níbi kan náà lára igi tí gbogbo wọn nà sókè. Ibẹ̀ ni ó ti máa ń fàya bí ìjì tàbí yìnyín bá dé. Ọ̀kan nínú tiwa fàya lóru lọ́nà bẹ́ẹ̀, ó sì dí ọ̀nà mọ́tò.

Ohio ti fi òfin de títa igi yìí láti January 2023, Pennsylvania láti February 2024, South Carolina láti October 1, 2024. Wọn kò fi dandan lé e pé kí onílé gé èyí tó ti wà. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ ya fọ́tò ewé, ìrudi àti èèpo rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Extension ti kàǹtí yín. Òfin 1914 ló dá ètò yìí sílẹ̀ láàárín ìjọba àti yunifásítì, kí ìmọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ àti onílé, ẹ má sì bẹ̀rù láti béèrè, torí iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Kí ẹ tó gé e, ẹ bi ìlú yín léèrè bóyá ìwé àṣẹ pọn dandan, nítorí igi tó wà láàárín ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti títì lè jẹ́ ti ìlú, kì í ṣe tiyín. Bí àdúgbò yín bá ní HOA (ẹgbẹ́ onílé tó ń ṣe òfin fún àdúgbò), ẹ gba ìdáhùn wọn lórí ìwé. Ẹ pe 811 kí ẹ tó hú kùkùté, kí wọ́n wá fi àmì sí ibi tí páìpù gáàsì àti wáyà gbà, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ onílé. Ẹ béèrè ìwé ìbánigbófò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gé igi, kí ó sì kun kùkùté lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí ń pa igi, nítorí bí ó bá gbẹ kí oògùn tó kàn án, oògùn náà kò ní wọlé dáadáa. Ní oṣù karùn-ún, ẹ padà lọ wo ìdí rẹ̀ yíká, bí ọ̀mùnú bá ti yọ láti ara gbòǹgbò, ẹ gé e, kí ẹ sì tún kun ojú ibẹ̀.