Bí Mo Ṣe Rí Bakitéríà Tó Ń Gùn Láìpín Ní Ado-Ekiti

Ohun tí mo fẹ́ fojú ara mi rí ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí bakitéríà tó ń dàgbà ṣùgbọ́n tí a kò jẹ́ kó pín. Gbogbo ẹni tó bá ti ka báyọ́lọ́jì mọ̀ pé bakitéríà tó ń jẹ́ E. coli lè pín sí méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú tí oúnjẹ bá pọ̀ tí ooru sì wà ní 37°C. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í ronú sí ni pé ìdàgbà ọ̀tọ̀, pípín ọ̀tọ̀. Sẹ́ẹ̀lì lè máa jẹun, kó máa tóbi sí i, síbẹ̀ kó má pín. Lára àwọn tó ń pinnu bóyá yóò pín tàbí kò ní pín ni àwọn purotéènì kéékèèké tó wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn ti wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní láàbù rí i, kí wọ́n má kàn há a sórí nítorí ìdánwò.

A kò ní irú maikirosíkóòpù tó ń jẹ́ kí purotéènì tàn yòò nínú sẹ́ẹ̀lì. Èyí tí a ní ni ti ojoojúmọ́, tó ní lẹ́ǹsì 100 tí a ń kán òróró sí, tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 1,000. E. coli kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju 2 máíkírómítà lọ ní gígùn, nítorí náà a kò lè rí purotéènì kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè rí ìrísí sẹ́ẹ̀lì náà, ìrísí yẹn sì tó fún mi.

Mo lo irú E. coli tí àwọn láàbù fi ń yẹ agbára oògùn wò, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ATCC 25922. Oògùn méjì ni mo yàn, cephalexin àti ciprofloxacin. Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn tú kápúsù tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì. Ìdí ni pé nǹkan mìíràn tí kì í ṣe oògùn máa ń wà nínú kápúsù, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ iye oògùn tó dà sínú tyúùbù gbọ́dọ̀ wọn ojúlówó ẹ̀tù oògùn náà lórí ìwọ̀n. Lórí èyí, n kì í gba ẹ̀bẹ̀ rárá.

Mo gbin bakitéríà náà sínú omi oúnjẹ mọ́jú. Nígbà tó di àárọ̀, mo mú díẹ̀ nínú rẹ̀, mo fi omi oúnjẹ tuntun là á ní ìlọ́po 100, mo sì gbé e padà sínú ooru títí omi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni pé ó fẹ́ rú. Ìgbà yẹn ni mo pín in sí tyúùbù mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ kò gba oògùn. Ìkejì gba cephalexin, 20 máíkírógíráàmù nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta gba ciprofloxacin tó kéré sí ìwọ̀n tó ń dá a dúró pátápátá. Fún irú bakitéríà yìí, ìwọ̀n yẹn máa ń wà láàárín 0.004 sí 0.016 máíkírógíráàmù nínú mílílítà kan, nítorí náà ọwọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ balẹ̀ dáadáa nígbà tó bá ń là á.

Mo rí i dájú pé dísù wà nínú jẹnẹrétọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ni, òtútù òwúrọ̀ Ado kò sì ṣeé fojú di, pàápàá níbi tí òkè yí wa ká yìí. Tí iná bá lọ, tí ooru bá já sílẹ̀ lójijì, ìdàgbà á fà sẹ́yìn, a ò sì ní mọ̀ bóyá oògùn ló dá wọn dúró tàbí òtútù.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé wákàtí méjì, mo kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan láti inú tyúùbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí siláìdì, mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi í kọjá lórí iná, mo sì fi Gram, aró tí a fi ń kun bakitéríà kó lè hàn, kùn ún. Siláìdì àkọ́kọ́ rí bó ṣe yẹ kó rí: ọ̀pá kúkúrú kúkúrú, aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kan wà ní méjì-méjì tí ìbàdí wọn ti fún wọlé, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti fẹ́ já.

Siláìdì kejì ló mú kí gbogbo láàbù sún mọ́ mi. Ọmọ tó kọ́kọ́ wò ó gbójú sókè ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àbí irun ló já sórí siláìdì yìí?” Mo ní kó máa sún siláìdì náà lọ díẹ̀díẹ̀, kó tẹ̀ lé “irun” náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tẹ̀ lé e. Ó gùn tó sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá, àwọn mìíràn sì ju ogún lọ, síbẹ̀ bakitéríà kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú tyúùbù kẹta náà, àwọn gígùn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kúkúrú ṣì wà láàárín wọn.

Oògùn méjèèjì mú kí wọ́n gùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni mo fẹ́ mú àwọn ọmọ yẹn dé.

Nígbà tí E. coli bá fẹ́ pín, purotéènì kan tó ń jẹ́ FtsZ á kó ara rẹ̀ jọ sí àárín sẹ́ẹ̀lì, á di òrùka. Erfei Bi àti Joe Lutkenhaus ló fi òrùka yìí hàn ní 1991. FtsZ fúnra rẹ̀ kò wọnú awọ. FtsA àti ZipA ló ń so ó mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù á dé: FtsQ, FtsL, FtsB, FtsW, FtsI, àti FtsN. FtsW àti FtsI ló ń mọ ògiri tuntun tí yóò ya sẹ́ẹ̀lì sí méjì. FtsI yìí ni cephalexin máa ń lẹ̀ mọ́. Òrùka ti wà ní àárín, àwọn òṣìṣẹ́ ti pé, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mọ ògiri kò lè ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ìwọ̀n wọn. FtsI ní ámínò ásíìdì, ìyẹn àwọn ègé tí a fi ń to purotéènì, 588. FtsL ní 121 péré, FtsB ní 103. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yìí gba inú awọ kọjá, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ara wọn sì wà ní òde awọ náà, níbi tí wọ́n ti lọ́ mọ́ ara wọn. Wọn kì í mọ ògiri, kò sì sí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń mú kí nǹkan yí padà nínú sẹ́ẹ̀lì, lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àti FtsQ ló ń gba àṣẹ nígbà tí FtsN bá dé, tí wọ́n á sì fi jẹ́ kí FtsW àti FtsI mọ̀ pé ó ti yá. Tí a bá mú FtsB tàbí FtsL kúrò, ohun tí sẹ́ẹ̀lì á dà ni ohun tí ọmọ yẹn pè ní irun. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ti ciprofloxacin yàtọ̀. DNA ló ń bà jẹ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá rí i pé DNA òun ti já, purotéènì kan tó ń jẹ́ RecA á mú kí òmíràn tó ń jẹ́ LexA gé ara rẹ̀, àwọn jíìnì tí LexA ti dì mú á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó ń ṣe purotéènì SulA wà lára wọn. SulA á di FtsZ mú, òrùka kò sì ní lè dúró. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí tí sẹ́ẹ̀lì bá pín nígbà tí DNA rẹ̀ ṣì bàjẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ rẹ̀ ló máa jẹ gbèsè náà.

Inú omi odò àti adágún ni bakitéríà kan tó ń jẹ́ Caulobacter crescentus ń gbé, òun náà sì ń dúró bẹ́ẹ̀ tí DNA rẹ̀ bá bàjẹ́. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde pé purotéènì kan tí wọ́n pè ní SidA wà lára ohun tó ń dá a dúró. Ámínò ásíìdì 29 péré ló ní. Inú awọ ló ń gbé. Kò fọwọ́ kan òrùka FtsZ rárá. FtsW àti FtsN ló lọ bá, ó sì dá iṣẹ́ dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo tún un kà, nítorí n kò rò pé 29 tó nǹkan tí a lè máa pè ní purotéènì.

Ojú yìí kan náà ni àwọn olùwádìí fi wo irú àwọn purotéènì kéékèèké bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n tẹ gbogbo DNA K-12, irú E. coli kan tí àwọn láàbù ń lò, jáde ní 1997, lẹ́tà rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń wá jíìnì nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fo èyí tó bá kúrú jù, torí pé ọ̀pọ̀ ègé kúkúrú ló jọ jíìnì tí kì í ṣe jíìnì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi fo àwọn ojúlówó náà. Ó dùn mí, mi ò purọ́. Ohun tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò wá a?

Ohun tó kẹ́yìn tí mo ṣe ni pé mo fọ tyúùbù kejì. Mo yí i nínú ẹ̀rọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí bakitéríà lè rọ̀ sísàlẹ̀, mo da omi tó ní cephalexin nù, mo fún wọn ní omi oúnjẹ tuntun, mo sì dá wọn padà sí 37°C. A ń ṣe siláìdì lóòrèkóòrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì gùn. Nígbà tó yá, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára wọn, kì í ṣe ní àárín nìkan, ní ọ̀pọ̀ ibi lára ẹyọ kan. Ìdí ni pé DNA ti ń pọ̀ sí i, ó sì ti ń tò lọ nínú gígùn yẹn ní gbogbo ìgbà tí pípín fi dúró. FtsI tí cephalexin ti lẹ̀ mọ́ kò ní bọ́ bọ̀rọ̀, sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe òmíràn, ìgbà tí tuntun bá sì tó ni iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ padà. Kí a tó ti láàbù, àwọn ọ̀pá kúkúrú ti tún pọ̀ lórí siláìdì.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó má fi wọ́n sínú cephalexin pẹ́ jù. Tó bá ti di wákàtí púpọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, kò sì ní sí ohun tí a máa fọ̀. Tyúùbù kẹta ni mo fẹ́ fọ̀ báyìí. Ẹ́ńsáìmù Lon ló ń jẹ SulA run nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń jẹ ẹ́ kíákíá, nítorí náà mo fẹ́ wò ó bóyá àwọn tí ciprofloxacin mú gùn yóò padà pín kíá bí ti cephalexin, tàbí àtúnṣe DNA yóò kọ́kọ́ dá wọn dúró.