Owó ti jáde, ewu kò jáde: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ààbò ìwakùsà abẹ́ ilẹ̀

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò ìwakùsà, iṣẹ́ mi sì ni láti rí i pé iye ènìyàn tí ó wọlé ní òwúrọ̀ ni iye tí ó jáde ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn sú mi kì í ṣe ahun, nítorí pé ahun ṣeé bá sọ̀rọ̀. Àwọn tuntun tí wọ́n ń náwó rẹpẹtẹ sórí ohun èlò ààbò ni, tí wọ́n ń tò ó sí ibi tí àlejò yóò ti rí i, tí wọn kò sì ní ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tí ohun èlò náà ń béèrè lójoojúmọ́. N kò ní ṣàlàyé ohun tí àṣíborí wà fún. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn kò tíì yẹ ní ẹnu ihò.

1. Títan jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìfami tí ń lo bẹntiróòlù nínú ihò. Ẹ má ṣe é, kódà bí omi bá ń kún, kódà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gáàsì carbon monoxide tí ó ń tú jáde kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń di ẹ̀jẹ̀ mú ju bí ọ́síjìn ti ń dì í mú lọ ní ìlọ́po tí ó ju 200.

2. Ríra ìbòjú olówó ńlá, kí a sì máa lu òkúta láìfi omi sí i. Eruku tí ẹ ń fojú rí kọ́ ni ó burú jù. Èyí tí ó kéré débi pé ojú kò rí i ni ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ, àrùn silicosis tí ó ń fà kò sì ní ìwòsàn. Omi ni àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ tí yóò gbé eruku lọ ni ó tẹ̀ lé e, ìbòjú ni ó kẹ́yìn. Ìbòjú kì í sì í lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n dáadáa. Mo ní irùngbọ̀n rí, ó sì yẹ mí.

3. Ríra ẹ̀rọ tí ń wọn gáàsì bí ẹni ra ẹ̀gbà ọrùn. Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara dà á fún mi.

Wọ́n pè mí nígbà kan sí ibi iṣẹ́ tuntun kan pé kí n wá wo ètò ààbò wọn. Ẹ̀rọ 12 ni wọ́n tò sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ ń dán, ó sì hàn lójú ọ̀gá wọn pé oríyìn ni ó ń retí. Mo mú agolo gáàsì ìdánwò tí mo gbé lọ, mo sì fẹ́ ẹ sí ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án kò dún. Lára mẹ́rin nínú wọn, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ṣì bo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Àwọn yòókù ti pẹ́ jù nínú páálí, nítorí pé èròjà tí ń mọ gáàsì nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sábà ju ọdún 2 sí 3 lọ kí ó tó kú, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbé òkú ẹ̀rọ kọ́ àyà wọ inú ihò, tí ọkàn wọn sì balẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ rárá sàn jù wọ́n lọ, nítorí pé ẹ̀rù á kúkú máa bà á.

Ẹ fẹ́ gáàsì ìdánwò sí i kí iṣẹ́ ojúmọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì ṣe tan ẹ̀rọ náà nínú ihò, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn máa ń gba afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ bá pàdé gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ tí ó dára. Tí ó bá jẹ́ inú afẹ́fẹ́ búburú ni ẹ ti tàn án, irọ́ ni yóò máa pa fún yín títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti tàn án, kí ẹ sì rí i pé ọ́síjìn wà ní ìdá 20.9 nínú 100 kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kíka ohun tí ojú ẹ̀rọ ń sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi 20 tí ó wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀ hàn mí, ó ní kí n má ṣe ìyọnu, pé ìdá 5 sí 15 nínú 100 ni methane ti ń bú gbàù, àwọn sì ti kọjá ibẹ̀. Mo ní láti wá ibi jókòó. Nọ́ńbà tí ó rí kì í ṣe ìdá afẹ́fẹ́ inú ihò. Ìdá 5 tí gáàsì náà ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í bú ni ẹ̀rọ pè ní 100, nítorí náà 20 lójú ẹ̀rọ jẹ́ methane ìdá 1, èyí tí ó tó láti mú kí ènìyàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ká tilẹ̀ ní òótọ́ ni ó ti kọjá 15, afẹ́fẹ́ tuntun tí ẹ bá fẹ́ wọlé ni yóò dá a padà sí àárín ibi tí ó ti ń bú.

Ẹ tún rántí pé methane fúyẹ́, òkè ihò ni ó ń kóra jọ sí, nígbà tí carbon dioxide wúwo, tí ó sì ń lúgọ sí ibi tí ó tẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá wọn àyà rẹ̀ nìkan, àyà rẹ̀ nìkan ni ó yẹ̀ wò. Ẹ wọn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ̀rọ ráyè dáhùn. Imú kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: hydrogen sulphide a máa rùn bí ẹyin òbu nígbà tí ó bá kéré, ṣùgbọ́n bí ó bá ti pọ̀, ó ń pa agbára ìgbóòórùn, ẹni náà á sì rò pé ó ti lọ.

Èmi náà kò mọ́. Ní ọdún kejì iṣẹ́ mi, mo ti ẹ̀rọ tèmi bọ àpò lábẹ́ ẹ̀wù òjò nítorí pé ariwo rẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́. Alábòójútó mi fà á yọ, kò sọ̀rọ̀, ó sì fi mí ṣọ́ ẹnu ihò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú ju tèmi lọ ni ti ọ̀gá tí ń bú òṣìṣẹ́ tí ó jáde nítorí pé ẹ̀rọ dún. Àdéhùn 176 tí ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe ní 1995 fún òṣìṣẹ́ ìwakùsà ní ẹ̀tọ́ láti kúrò níbi tí ó bá ní ìdí tí ó múná dóko láti gbà pé ewu ńlá wà. Ẹni tí ẹ bá bú lẹ́ẹ̀kan kò ní jáde nígbà kejì. Pípa ni yóò pa ẹ̀rọ náà.

4. Kíkan irin tí ń di òkúta mú mọ́ òkè ihò láìkọ́kọ́ gbọ́ ohun tí òkè náà ń sọ. Ẹ fi ọ̀pá irin gbá a. Òkúta tí ó dúró dáadáa á dún gan-gan. Èyí tí ó ti ya kúrò lára ìyókù á dún pò bí akèrègbè òfìfo, ó sì yẹ kí ẹ já a lulẹ̀ kí ẹ tó ronú irin kankan. Ẹ dúró sábẹ́ ibi tí ẹ ti yẹ̀ wò, kí ẹ na ọ̀pá sí ibi tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò, kí ọ̀nà tí ẹ ó gbà sá sì wà lẹ́yìn yín láìsí ohun tí ó dí i. Mo lo ọ̀pá kúkúrú lọ́jọ́ kan nítorí pé èyí tí ó gùn wúwo. Òkúta náà tẹ̀ lé ọ̀pá wá bá ọwọ́ mi, ìka tí ó kéré jù ní ọwọ́ òsì mi kò sì tíì tọ́ títí di òní.

Ẹ má ṣe lu ihò ẹ̀tù tuntun sínú ìdí èyí tí ẹ ti yìn tẹ́lẹ̀. Rárá.

Ohun èlò ìmí tí a ń so mọ́ ìgbànú náà wà níbẹ̀. Oríṣi kan ń sẹ́ carbon monoxide kúrò nínú afẹ́fẹ́ nìkan, kò lè pèsè ọ́síjìn. Ìyẹn ni àwọn tuntun ń rà nítorí pé kò wọ́n, wọn á sì gbé e lọ sí ibi tí ọ́síjìn ti lè tán. Oríṣi kejì ń pèsè ọ́síjìn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ a máa gbóná lẹ́nu bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí kò bá fi ṣe ìdánrawò rí á sì rò pé ó ti bàjẹ́, á yọ ọ́ sọnù láàárín èéfín. Ẹ kọ́ wọn láti wọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn.

Ọ̀nà àbájáde kejì tí ó wà lórí ìwé nìkan kì í ṣe ọ̀nà. Ní ibi ìwakùsà San José ní Chile ní 2010, ihò afẹ́fẹ́ wà tí àwọn 33 tí ilẹ̀ há mọ́ fẹ́ gbà gòkè, ṣùgbọ́n àkàbà inú rẹ̀ kò dé òkè. Ọjọ́ 69 ni wọ́n lò lábẹ́ ilẹ̀, ní ìjìnlẹ̀ tí ó tó nǹkan bí mítà 700. Nígbà wo ni ẹ ti gun tiyín gbẹ̀yìn?

Sísáré wọlé lọ gbé ẹni tí ó ṣubú. NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tí ń ṣèwádìí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, kìlọ̀ ní 1986 pé, nínú àwọn tí ó kú ní ibi tí ó há gádígádí, èyí tí ó ju ìdá 60 nínú 100 jẹ́ àwọn tí ó fẹ́ gba ẹlòmíràn là. Ẹ pe àwọn tí ó ní ohun èlò ìmí, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ di ara yín mú.

Èyí tí ó kù ni irin pẹlẹbẹ tí a kọ nọ́ńbà ẹni sí, tí a ń fi kọ́ ojú pátákó ní ẹnu ihò bí a bá ń wọlé, tí a sì ń yọ bí a bá ti jáde. Àwọn ènìyàn ń fi kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń gbàgbé bí a ti ń gbàgbé irin. Mo gbàgbé láti yọ tèmi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n dá ẹ̀tù tí wọ́n fẹ́ yìn dúró, wọ́n sì wá mi fún wákàtí mẹ́ta kí ẹnì kan tó ronú láti wá kan ilẹ̀kùn ilé mi, níbi tí mo ti ń hanrun. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó gbé irin náà lé mi láyà, ó ní kí n dìde, kí n tẹ̀ lé òun lọ bẹ àwọn mẹ́jọ tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ wá mi kiri láàárín òkúta.