Bí A Ṣe Mú Àríwá Mòrókò

Èésú ọdún méjì la fi kó owó ìrìn àjò yìí jọ, èmi, ìyàwó mi àti àbúrò mi obìnrin, pé tí họlidé oṣù Kẹjọ bá dé, a ó gbé Ìyá wa àti ọmọ mi lọ sí Mòrókò. Owó kọ́ ló wá dá ìjà sílẹ̀. Apá ibi tí a ó lọ ní Mòrókò ni. Ilẹ̀ náà fẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré la sì ní.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nílé wa ní Pákátà, Ìlọrin, mo ní kí oníkálùkù kọ ibi tó wù ú sínú ìwé. Ìyàwó mi kọ Marrakech, nítorí fọ́tò ọjà Jemaa el-Fnaa tó rí lórí fóònù. Àbúrò mi kọ òkun. Ọmọ mi kọ ràkúnmí. Ìyá wa ò gba bírò rárá. Wọ́n ní, "Ẹ ṣáà gbé mi dé Fez." Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí, torí ilé Tíjániyà, ọ̀nà Súfí kan nínú Ìsìláàmù, ni ilé wa: Fez ni Ṣéù Ahmad Tijani tó dá a sílẹ̀ ti kú ní 1815, ibẹ̀ ni sàréè wọn wà.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Mo to Casablanca, Marrakech, aṣálẹ̀ Merzouga, Fez àti Tangier tẹ̀ léra, ó sì dùn ún wò nínú ìwé. Ìgbà tí mo ka wákàtí ni ojú mi là. Láti Marrakech dé Merzouga ju 500 kìlómítà lọ, orí òkè Atlas sì lọ̀nà gbà. Ìlọrin sí Èkó lásán, ọjọ́ mélòó ni Ìyá wa fi ń ra òróró sí orúnkún? Mo pa Merzouga rẹ́.

Ooru ló pa Marrakech rẹ́. Nínú oṣù Kẹjọ, ó lè tó 38 níbẹ̀, ó tiẹ̀ máa ń kọjá 40. Ooru oṣù Ẹrẹ́nà tí à ń sá fún ní Ìlọrin, ṣé ká tún fi owó èésú rà á, lásìkò tí òjò ń rọ̀ nílé? Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kírun Ìṣáì. Ó rò pé mò ń gbè sẹ́yìn Ìyá mi ni. Bẹ́ẹ̀, fọ́tò kì í làágùn! Fez náà gbóná o, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ la ó máa jáde níbẹ̀.

Rélùwéè ló wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Casablanca ni bàálù Èkó ń balẹ̀ sí. Láti ibẹ̀, rélùwéè bíi wákàtí mẹ́rin dé Fez. Láti Fez a ó gba Tangier létí òkun. Láti Tangier, Al Boraq, rélùwéè ayára tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2018, á dá wa padà sí Casablanca ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Eré 320 kìlómítà ní wákàtí kan ló ń sá. Àwa tí a mọ rélùwéè Ọ̀ffà, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Inú èmi náà dùn sí Tangier, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ayé àtijọ́ nì, ní 1304, orúkọ tí mo ti ń gbọ́ láti ilé kéwú.

Ilé ìbùwọ̀ Fez ló gbà mí lákòókò jù. Mọ́tò kì í wọ ìlú àtijọ́ yẹn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru ẹrù. Aṣojú ìrìn àjò kan ní kí n má ṣèyọnu, gbogbo yàrá kan náà ni. Mi ò gbà. Èmi fúnra mi pe àwọn ilé ìbùwọ̀ náà. Lárúbáwá kéwú mi àti tẹnu wọn ò bára mu, la bá ń kọ̀wé síra wa lórí fóònù. Mo kọ ọ́ pé: níbi tí mọ́tò dúró sí, àtẹ̀gùn mélòó ló kù dé yàrá? Ilé kẹta ló dáhùn pé kò sí ọ̀kankan. Ibẹ̀ la sùn.

Ìyá wa ṣe ṣíárà, ìbẹ̀wò sí sàréè Ṣéù, láàárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a lò ní Fez. Ọmọ mi rí ràkúnmí gùn létí òkun Tangier, láìdé aṣálẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, a sì ń wo òdìkejì omi. Ìyá wa béèrè ohun tó dúdú lókèèrè yẹn. Mo ní Sípéènì ni, níbi tí omi ti fún jù, kìlómítà 14 péré ló là wá láàárín.

Wọ́n wò mí. "Kí ló wá dé tí o ò fi kún un?"