Ẹ Yé Dúró De 4: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Omi Ti Tán Nínú Ẹ̀rọ Ìsàba

Ẹ̀yin olósìn adìyẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ gba ẹ̀rọ ìsàba lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ ti mọ bí a ṣe ń to ẹyin, ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ 21 ni. A kò ní padà sórí ìyẹn. Bí ẹ ṣe ń ka nọ́ńbà ojú àpótí ẹ̀rọ náà, èyí tó ń sọ ohun tó bá bàjẹ́, ló ń ba ẹyin yín jẹ́.

Báìtì kan ni nọ́ńbà náà, láti 0 dé 255. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn àmì mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́:

1 – ooru lọ sílẹ̀
2 – fáànù dúró
4 – omi tán
8 – NẸ́PÀ mú iná lọ
16 – bátìrì ń kú lọ
32 – ilẹ̀kùn ṣí
64 – ẹyin kò yí
128 – wáyà já

Bí méjì tàbí mẹ́ta bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àpótí á ro wọ́n pọ̀.

Ohun tí à ń bá nílé dé ilé ni pé wọ́n kọ 4 sára ògiri, wọ́n ń dúró dè é. Iná lọ, omi tán lóru, àpótí kọ 12. Wọ́n wo ògiri, wọn ò rí 12, wọ́n padà lọ sùn. Pẹ̀lú iná wa yìí, ìgbà wo gan-an lẹ fẹ́ rí 4 nìkan?

Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ló burú jù. Láti ọjọ́ 18 la ti ń dáwọ́ yíyí ẹyin dúró, nítorí náà 64 ò ní kúrò níbẹ̀ títí ọmọ á fi jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹyin ń fẹ́ ọ̀rinrin jù. Bí omi bá tán, 68 lẹ máa rí. Bí iná bá tún lọ, ó di 76.

Ẹ fi 4 pín nọ́ńbà tí ẹ bá rí. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù. Bí ohun tó jáde kò bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, omi ti tán. Ẹ fi 4 pín 76, ó di 19: ẹ bu omi sí i kíá. 72 di 18: omi wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyókù. Ti ilẹ̀kùn, 32 lẹ máa fi pín: 76 di 2, 12 ṣẹ́kù, ẹ dà á nù, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹ má fojú díwọ̀n o. Ẹ̀rọ ìṣirò wà nínú fóònù yín, kì í ṣe WhatsApp nìkan la rà á fún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù àpótí, ẹ̀bi pọ̀ lọ́rùn yín. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ńbà ojú àpótí ní x: x == 4 (ṣé 4 gan-an ni x?) la bá nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. (x & 4) != 0 (ṣé 4 wà lára ohun tí a rò pọ̀ di x?) ló yẹ kó jẹ́. Ẹ má sì fo àkámọ́: nínú C, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, x & 4 == 4 á kọ́kọ́ fi 4 wé 4, á rí 1, á wá lọ yẹ bíìtì 1 wò. Ooru lẹ ń ṣọ́ nígbà náà, ẹ rò pé omi ni. x && 4 ńkọ́? Nọ́ńbà yòówù tí kì í bá ti ṣe 0 ni ìpè omi máa dún fún.

Kí ẹ tó gbé àpótí fún ẹnikẹ́ni, ìpè omi gbọ́dọ̀ dún ní 4, 12, 68 àti 76. Kò gbọdọ̀ dún ní 1, 8 àti 72.