Aró ìdí ìkòkò ìyá mi, tiransísítọ̀ orí gíláàsì

Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ìdí ìkòkò aró ni mo sì dàgbà sí. Nígbà tí mo dé Ìlú Ọba láti wá ka kẹ́mísírì, mo gbọ́ pé ní ọdún 2012 àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Linz, ní Austria, fi aró ṣe tiransísítọ̀, ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí iná kọjá tàbí kó dúró. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ bú sí. Kò pẹ́ tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ní àǹfààní yàrá ìwádìí àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ tán, bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí iná ń gbà. Ó ń wọlé ní source, ó ń jáde ní drain, gate ló ń pàṣẹ kó kọjá tàbí kó dúró. Gate kì í fara kan aró. Ìdènà tí iná kì í gbà kọjá wà láàárín wọn. Bí ẹ bá fún gate ní fóltì, á fa iná jọ síbi tí aró ti kan ìdènà náà, inú ìpele mólékù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ níbẹ̀ ló sì ń rìn. Gbogbo aró tó kù lókè, ìran ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, iṣẹ́ náà ti lè dáa tàbí kó ti bàjẹ́ kí aró tó débẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ aró fúnra rẹ̀. Ẹ má mú èlú gbígbẹ kẹ́ ẹ dà á sínú ẹ̀rọ. Mo dán an wò, èyí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ ni mo lò. Ewé inú rẹ̀ jóná, ó kun gbogbo inú ẹ̀rọ, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi nù ún, ẹni tó ń bójú tó yàrá náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ẹ ra ìyẹ̀fun aró tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe: ẹ fi í sínú ọ̀pá gíláàsì tí kò ní afẹ́fẹ́, ẹ mú ẹ̀gbẹ́ kan gbóná, kí èkejì tutù. Aró á fò bí èéfín láì kọ́kọ́ yọ́, á lọ dì síbi tó tutù, ìdọ̀tí á sì gba ibòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ṣe é, títí á fi máa dán bí bàbà.

A kò lè fi omi pò ó, nítorí háídírójìn tó wà lára náítírójìn mólékù aró kan máa ń di ọ́síjìn mólékù kejì mú. Ìdìmú yìí ló fà á tí àwọn aláró fi nílò omi eérú: inú ìkòkò yẹn ni aró ti ń yí padà sí irú èyí tó ń yọ́, tí aṣọ fi ń jáde bíi àwọ̀ ewé kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di búlúù. Ìdìmú yẹn kan náà ló ń to mólékù súnmọ́ra, tí iná fi lè máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, bí ẹni ń fo òkúta sọdá odò.

Ẹ fọ gíláàsì, ẹ fi ìlà alumíníọ̀mù ṣe gate. Ẹ rì í sínú omi tí ẹ po ásíìdì ọsàn wẹ́wẹ́ sí, kẹ́ ẹ sì fún un ní iná. Awọ ọ́ksáìdì á hù lára rẹ̀, òun ni ìdènà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, á nípọn ju nanomítà 1 (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) lọ díẹ̀ fún fóltì kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ojú ọ́ksáìdì yẹn kún fún ọ́síjìn òun háídírójìn tó ń mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹyọ tín-ín-tín tó ń gbé iná, bí èèmọ́ ṣe ń so mọ́ aṣọ ẹni tó gba inú igbó. Ohun tí a fi ń bò ó ni tetratetracontane, ìda tí mólékù rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù 44, mọ̀lẹ́bí èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Nanomítà 20 sí 30 ti tó. Ìyá mi á pariwo bí wọ́n bá rí i: lọ́dọ̀ tiwọn, ibi tí a kò bá fẹ́ kí aró mú ni à ń kun ẹ̀kọ tàbí àbẹ́là sí. Lọ́dọ̀ tèmi, ìda náà ló ń jẹ́ kí aró ṣiṣẹ́. Ó ń bo èèmọ́ náà, ó sì ń mú kí mólékù aró dúró lóòró, kí wọ́n tò bí ìwé lórí pẹpẹ láti source dé drain.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi aró tó nípọn tó nanomítà 75 sí i, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi wúrà ṣe source àti drain.

Bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, ẹ gbé fóltì gate lọ, kẹ́ ẹ sì gbé e bọ̀. Aró ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó sì tún ń gbé àyè tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi sílẹ̀, nítorí náà ìlà tó ń fi hàn bí iná ṣe ń yí padà pẹ̀lú fóltì gate á rí bíi lẹ́tà V. Ẹ má ṣírò mobility, ìyẹn bí iná ṣe ń rọrùn láti rìn nínú aró, ní ìsàlẹ̀ V náà, nítorí oríṣi iná méjèèjì ló wà níbẹ̀. Apá tó ti jìnnà síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ wọn kapásítáǹsì, ìyẹn iye iná tí ìdènà náà ń jẹ́ kí ó kó jọ fún fóltì kọ̀ọ̀kan, fúnra yín, ẹ má gbà á gbọ́ láti inú ìwé. Bí àpẹẹrẹ, ká ní ìbú ọ̀nà iná jẹ́ ìlọ́po 40 gígùn rẹ̀, kapásítáǹsì jẹ́ 100 nF/cm², ẹ sì fi fóltì 5 kọjá threshold, ìyẹn fóltì gate tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Bí iná 0.5 µA bá jáde nígbà tí kò pọ̀ sí i mọ́ bí ẹ tilẹ̀ ń fi fóltì kún ti drain, mobility yín jẹ́ 0.01 cm²/Vs. Kò tó ti sílíkọ́ọ̀nù amorphous, irú èyí tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tò létòlétò, tó máa ń sún mọ́ 1, ṣùgbọ́n ó dára fún aró. Bí ẹ bá rí 1, ẹ wo ìṣirò yín dáadáa kẹ́ ẹ tó pe ọ̀gá yín.

Èyí tí mo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìlà àlọ àti ìlà àbọ̀ rẹ̀ fi fóltì kan gbáko jìnnà síra. Mo mọ ohun tó fà á: mo kánjú lórí ìda, kò sì bo èèmọ́ náà tán. Mo ti fọ gíláàsì mìíràn sílẹ̀.