Ẹ Yé Fi Ojú Ra Ọ̀bẹ Àpò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan fi ọ̀bẹ àpò tuntun, irú èyí tí a máa ń ká, yangàn fún mi létí omi ní Ẹpẹ́. Ọ̀bẹ ńlá dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ ní eyín bíi ayùn, àfi bí ẹni ń lọ sógun. Mo ní kó fi gé okùn àwọ̀n. Okùn kan péré, ó ń fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń rẹ́ pákó. Nígbà tó wá sọ iye tó rà á, orí fọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, kí inú mi lè rọ̀.

Èkíní, títóbi. Okùn, ọsàn, páálí: iṣẹ́ ọ̀bẹ àpò kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Èyí tí irin rẹ̀ gùn tó ìka àárín ti tó.

Èkejì, ẹ kì í dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ ṣí i, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì bí eyín arúgbó, ẹ dá a padà fún ẹlẹ́rù. Ẹ ká a, kí ẹ wò ó bóyá ṣóńṣó rẹ̀ wọ inú èèkù tán. Bí kò bá wọ̀ tán, àpò ṣòkòtò ni yóò kọ́kọ́ gé, itan ló kàn.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: irin. Ta ló sọ fún ẹ̀yin ọmọ yìí pé kábọ́ọ̀nù nìkan ni ọ̀bẹ? Lóòótọ́, ó máa ń mú, ó sì rọrùn láti pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú omi ọ̀sà àti ẹ̀jẹ̀ ẹja, kí ló fẹ́ fi irin tó ń tètè dípẹtà ṣe? Èmi àgbà ọ̀jẹ̀ náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Mo ra Opinel Nọ́ńbà 8, ọ̀bẹ àwọn ará Faransé, èyí tí irin rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8.5, tí òrùka wà lọ́rùn rẹ̀ tí a máa ń yí kí ó má baà ká padà mọ́ni lọ́wọ́. Mo fi la inú ẹja lọ́jà Olúwo, mo fi ṣòkòtò nù ún, mo ká a, mo lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, ìpẹtà ti bò ó. Igi èèkù náà ti mumi yó, ó wú, ọ̀bẹ kọ̀, kò ṣí. Mo fi eyín fà á! Ìyàwó mi ṣì ń fi ìyẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ dòní. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé àwọn ará Savoie ní ilẹ̀ Faransé, tó ni ọ̀bẹ náà, kàn máa ń gbá ìdí èèkù mọ́ etí tábìlì ni, ṣóńṣó rẹ̀ á sì yọrí fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ara irin Opinel kí ẹ tó rà á. Wọ́n kọ Carbone, ìyẹn kábọ́ọ̀nù, sára ọ̀kan, wọ́n kọ Inox, ìyẹn irin tí kì í tètè dípẹtà, sára èkejì. Inox ni tiwa níbí. Bí ẹ bá ṣorí kunkun ra Carbone, ẹ máa nù ún gbẹ, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ títí igi rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Èyí tí kò ní òrùka ńkọ́, tó jẹ́ sípíríngì ẹ̀yìn nìkan ló dì í mú? Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi gún nǹkan, kó má baà ká mọ́ yín lọ́wọ́. Àpá tó wà níka mi, àgbọn ló fà á.

Ẹ̀kẹrin, àbí ìkarùn-ún ni mo dé: ẹ má gbé e fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ pọ́n àdá. Bí iná ẹ̀rọ bá ti sọ ẹnu ọ̀bẹ di aláwọ̀ búlúù, líle irin náà ti lọ nìyẹn, ẹ ó kàn máa pọ́n ọn lójoojúmọ́. Ẹ ra òkúta ìpọ́nbẹ.

Ẹ má fi sápò lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Wọn á gbà á.

Ọmọkùnrin yẹn pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní ṣé mo mọ ẹni tó máa ra tòun. Mo ní kó gbé e fún ìyá rẹ̀, bóyá eyín ẹ̀yìn rẹ̀ á wúlò fún orí ẹja àrọ̀.