Bí mo ṣe yẹ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà mi wò kí n tó sanwó wọn

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sínú ìwé, tí mo ń pa á rẹ́, tí mo tún ń kọ ọ́, kí n tó wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Fídíò ìgbéyàwó ni mo ń ṣe jẹun. Laptop tí mo ń lò máa ń gbóná débi pé mi ò lè gbé e lé itan, bí mo bá sì ní kó pa fídíò wákàtí kan pọ̀, àfi kí n lọ sùn kí n tó padà bá a. Mo wá pinnu pé n ó to kọ̀ǹpútà orí tábìlì fúnra mi, torí bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́ lọ́la, òun nìkan ni n ó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tí èèyàn bá ti gbé dé Ìbàdàn, wàhálà ni àtidá a padà sí Ìkẹjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ìwádìí bí ìyá tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ.

Processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ryzen 5 5600 ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Nígbà tí mo fi han ẹ̀gbọ́n mi kan tó mọ iṣẹ́ yìí, ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Níbo ni àwòrán á gbà dé ojú skrín?" Mi ò rò ó dé ibẹ̀. 5600 kò ní ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ra graphics card mọ́ ọn. 5600G ní tirẹ̀ nínú. Core (ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ nínú processor) 6 ni àwọn méjèèjì ní, 65 wáàtì sì ni wọ́n kọ sí wọn lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé cache (ìrántí kékeré inú processor) 5600G jẹ́ 16MB, tí ti èkejì jẹ́ 32MB. Owó mi ò ká card nígbà náà, ni mo bá mú 5600G, kí n lè ra card tó bá yá.

Lẹ́yìn èyí ni motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́. Socket (ihò tí processor ń wọ̀) AM4 ni 5600G ń jókòó sí, abẹ́rẹ́ tín-tìn-tín 1331 ló wà lábẹ́ rẹ̀. AM5 tó dé ní 2022 kò lè gbà á rárá: ara motherboard ni abẹ́rẹ́ tirẹ̀ wà, RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) irú DDR5 nìkan ló sì ń lò. Mo wá mú B450, irú motherboard AM4 kan, torí owó rẹ̀ wọ́lẹ̀.

Ibí gan-an ló ti fẹ́ bà mí. Ọdún 2018 ni B450 jáde, 2021 ni 5600G dé. Motherboard tó ti wà nínú páálí kí processor yẹn tó dáyé kò mọ̀ ọ́n, àfi bí wọ́n bá fún un ní BIOS (ètò inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà) tuntun. Ihò wọn bára mu, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní gbé àwòrán kankan wá. PCPartPicker, ìkànnì tó ń wò ó bóyá ẹ̀yà kọ̀ǹpútà bára mu, ló kọ́kọ́ kì mí nílọ̀ nígbà tí mo to àwọn ẹ̀yà náà síbẹ̀. Mo lọ sí ojúewé àwọn tó ṣe motherboard náà, mo wá 5600G nínú àwọn processor tí wọ́n tò síbẹ̀, mo sì kọ nọ́ńbà BIOS tó kéré jù tó lè gbé e sẹ́yìn ọwọ́ mi.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo yí páálí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, mi ò rí sítíkà tó sọ pé ó ti gba Ryzen 5000, ìdílé tí 5600G wà. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, "Àǹtí, AM4 ni AM4, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tàn án kí n rí i." Kò bínú. Ó fi processor àtijọ́ kan sí i, ó tàn án, a jọ tẹjú mọ́ skrín. BIOS tó wà níbẹ̀ kéré sí èyí tí mo kọ sẹ́yìn ọwọ́. Ó gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì fi flash gbé tuntun sí i. Kó tó bẹ̀rẹ̀, mo bi í bóyá iná NẸ́PÀ ló ń lò, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn, motherboard náà lè kú pátápátá. Ó nawọ́ sí inverter tó wà lábẹ́ tábìlì. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi parí.

Ti RAM kò gba àkókò. Mo ní ọ̀kan láti inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àtijọ́, mo sì rò pé n ó lè lò ó. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ DDR4: wọ́n gùn dọ́gba, ṣùgbọ́n ibi kékeré tí wọ́n gé wọlé nídìí wọn kò sí lójú kan náà. DDR3 ni tèmi. Ẹni tó bá fi agbára tì í wọlé, ihò ni yóò bà jẹ́. Mo ra 8GB méjì dípò 16GB ẹyọ kan, nítorí 5600G ń yá lára RAM láti fi ṣe àwòrán, méjì ló sì ń jẹ́ kí ọ̀nà tó ń gbà dé inú RAM fẹ̀.

Casing (àpótí kọ̀ǹpútà) tòkunbọ̀ ni mo rà. Motherboard mi jẹ́ micro-ATX, 244 mílímítà ní òró àti ìbú, ó sì wọlé dáadáa. Àmọ́ òpó idẹ kéékèèké tí motherboard ń jókòó lé lórí lé ẹyọ kan. Kò sí ihò tó bá ìyẹn mu. Mo tú u kúrò, torí irin tó bá kan ẹ̀yìn motherboard níbi tí kò yẹ lè jó o.

Power pack kan, èyí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, wà nínú casing náà. Bọ́tìnnì pupa kan wà lẹ́yìn rẹ̀, 115 fólítì ni wọ́n sì yí i sí. Iná tiwa níbí jẹ́ 230. Ká ní mo kàn kì í bọ ògiri bẹ́ẹ̀, yóò bẹ́ lójú mi. Mo gbé e sílẹ̀, mo ra tuntun, 550 wáàtì, tó ní wáyà 4+4 fún processor àti 6+2 fún card tí mo ń fojú sọ́nà fún. RX 6600 ni mo ní lọ́kàn, 132 wáàtì ló ń jẹ, nítorí náà ààyè ṣì wà dáadáa.

Nígbà tí mo tàn án nílé, orúkọ processor yọ lójú BIOS, 16GB náà pé. Eré RAM ló kàn kà 2400. Mo tan XMP, ètò inú BIOS tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé ibi tí wọ́n ṣe é fún, ó di 3200. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo kó fídíò ìyàwó kan tó ti wà nílẹ̀ láti Sátidé sí i, ó sì parí kí n tó jẹ oúnjẹ alẹ́ tán.